Irin lásán, 31 mílíọ̀nù faranki: Ìtàn aago olówó iyebíye tí wọ́n fi ń wá oògùn àìsàn ọmọdé

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni. Ìlú Geneva, lórílẹ̀-èdè Switzerland, ni àwọn olówó kóra jọ sí, àwọn tí wọn kò sì lè wá fúnra wọn wà lórí tẹlifóònù. Aago ọwọ́ kan ni wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí dáyámọ́ǹdì kan ṣoṣo lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe wúrà ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀. Irin ni, irin tí kì í dípẹtà, ẹbí irin tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí àti ìkòkò tó wà nínú ilé ìdáná wa. Christie's, ilé iṣẹ́ tó ń ta á ní gbàǹjo, ti sọ ṣáájú pé àwọn retí kí owó rẹ̀ wà láàárín mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́ta faranki, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná nílẹ̀ Switzerland. Àmọ́ nígbà tí òòlù máa fi balẹ̀, 31 mílíọ̀nù faranki ni ẹni tó rà á fi gbé e. Tí a bá ṣẹ́ ẹ sí owó Amẹ́ríkà ti ìgbà náà, ó lé díẹ̀ ní 31 mílíọ̀nù dọ́là.

Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí aago kankan, ìbáà jẹ́ ti ọwọ́ tàbí ti àpò, tó pa irú owó bẹ́ẹ̀ rí níbi gbàǹjo. Ẹni tó rà á kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ òun. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí ìtàn àwọn olówó tí kò mọ ohun tí wọn yóò fi owó wọn ṣe ni pé Patek Philippe, ilé iṣẹ́ tó ṣe aago náà, kò mú nínú owó yìí lọ sílé. Nítorí àwọn ọmọkùnrin kéékèèké kan tí iṣan ara wọn ń kú díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe ta aago náà.

Orúkọ tí wọ́n ń pe gbàǹjo yìí ni Only Watch. Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀ ni Luc Pettavino, ará ìlú Monaco, ilẹ̀ ọba kékeré tó wà létí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ṣe aago. Àfihàn ńlá tí wọ́n ti ń pàtẹ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ àwọn olówó ní Monaco lọ́dọọdún ni ó ń darí nígbà náà. Ọkùnrin yìí ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul, àwọn dókítà sì sọ fún un pé àìsàn tí wọ́n ń pè ní Duchenne ló ń ṣe ọmọ náà. Ní ọdún 2001, bàbá yìí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Monaco láti gbógun ti àìsàn iṣan ara, AMM ni wọ́n ń fi ìkékúrú pè é. Kí ẹgbẹ́ ní orúkọ ni, kí ó ní owó ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá Paul wo àwọn tó yí i ká, àwọn tó ń ra ọkọ̀ ojú omi bí ẹni ń ra kẹ̀kẹ́, ó sì wo ohun tó máa ń wà lọ́rùn ọwọ́ wọn.

Ọgbọ́n tó dá kò le rárá. Ó tọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aago olówó ńlá lọ, ó ní kí oníkálùkù ṣe aago kan péré, irú èyí tí wọn kò ṣe rí, tí wọn kò sì ní ṣe mọ́ láé. Wọn yóò fi ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ, wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọn yóò sì tà á ní gbàǹjo. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Monaco níbẹ̀, lásìkò àfihàn ọkọ̀ ojú omi yẹn kan náà. Ọba Monaco, Prince Albert Kejì, ni alátìlẹ́yìn wọn. Owó tí wọ́n rí sún mọ́ mílíọ̀nù méjì Euro. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọdún méjì méjì.

Ó yẹ kí a sọ irú àìsàn tí Duchenne jẹ́, nítorí òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ló gba iwájú ìwé ìròyìn. Dókítà ará Faransé kan tó gbé ayé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, Guillaume Duchenne, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ọkùnrin ló máa ń mú jù. Nínú ọmọkùnrin 3,500 sí 5,000 tí wọ́n bá bí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní in, kò sì sọ pé ẹni yìí dúdú, ẹni yẹn funfun. Wọ́n á bí ọmọ náà ní pípé, á jẹun, á rẹ́rìn-ín, àmọ́ tó bá tó ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún, ìyá rẹ̀ á rí i pé ìrìn rẹ̀ kò dà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Á máa ṣubú. Kò ní lè sáré gun àtẹ̀gùn. Tó bá jókòó sílẹ̀ tó fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀, á wá fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ, títí tí yóò fi nàró. Orókún sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn á sì tóbi, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọmọ náà lágbára ni.

Ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní lè rìn mọ́, kẹ̀kẹ́ arọ ló kù. Lẹ́yìn náà ni yóò kan iṣan tí wọ́n fi ń mí àti ọkàn gan-an alára. Oògùn kan wà tó máa ń fa ọwọ́ àìsàn náà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ran ni lọ́wọ́ láti mí náà wà, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn lè lo ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún lókè eèpẹ̀.

Ohun tó fà á wà nínú ohun àjogúnbá tí ọmọ gbà láti ara ìyá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tó ní in ni kì í ṣe ara ìyá wọn ló ti wá rárá. Ó kàn ṣẹlẹ̀ nígbà tí oyún ń dúró ni. A mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí síbí ni, torí a mọ ibi tí ojú àwọn ẹbí ọkọ máa ń lọ tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ aago. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa bi ara wọn ni pé kí ló wà nínú aago irin tí ó fi tó 31 mílíọ̀nù? Aago náà ni wọ́n ń pè ní Grandmaster Chime. Ní 2014 tí Patek Philippe pé ọdún 175 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde. Ojú méjì ló ní, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹni tó ni ín lè yí i padà sí èyí tó bá wù ú lójú ọwọ́. Iṣẹ́ ogún ló mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí pé kó kàn máa ka wákàtí. Ó ń lu agogo kéékèèké nínú ara rẹ̀ láti sọ iye tó lù, ó mọ oṣù tó ní ọjọ́ ọgbọ̀n yàtọ̀ sí èyí tó ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kódà tí wọ́n bá tẹ ibì kan lára rẹ̀, ó máa fi ohùn agogo náà sọ ọjọ́ tí oṣù jẹ́. Nǹkan kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ 1,366, ọwọ́ èèyàn ló sì tò wọ́n. Kò ní bátìrì o.

Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ogún yìí nìkan ló gbé e dé ibi tó dé. Wúrà ni Patek Philippe máa ń lò fún irú aago ńlá bẹ́ẹ̀. Grandmaster Chime onírin kò sí láyé àfi ẹyọ kan yìí, wọ́n sì kọ "The Only One" sí ojú rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé òun nìkan ṣoṣo ló wà. Ẹ rí i bí ayé àwọn olówó ṣe rí: nítorí pé wúrà pọ̀ lọ́wọ́ wọn, irin ló wá di ọ̀wọ́n. Ní 2015, aago irin mìíràn tí ilé iṣẹ́ yìí ṣe fún Only Watch pa 7.3 mílíọ̀nù faranki. Ní 2017, èyí tí wọ́n fi titanium ṣe pa 6.2 mílíọ̀nù. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kó aago jọ ti mọ̀ pé tí ọdún Only Watch bá ti pé, Patek yóò ṣe ohun tí kò ní ṣe fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ mìíràn.

Kì í ṣe aago ńlá nìkan ló ń rí bẹ́ẹ̀. Tudor, tó jẹ́ àbúrò fún Rolex, kì í ṣe aago olówó gọbọi. Ní 2015, aago tí wọ́n fi sílẹ̀, iye tí wọ́n dá lé e kò ju 3,500 sí 4,500 faranki lọ. Ẹnì kan san 375,000. Ó ju ìlọ́po ọgọ́rin lọ. Gbogbo aago tí wọ́n tà ní 2019 lápapọ̀ mú 38.6 mílíọ̀nù faranki wá, nígbà tó di 2021, ó jẹ́ 30 mílíọ̀nù.

Àwa náà mọ irú ọjà báyìí níbí. Lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé iṣu mẹ́ta síwájú, wọ́n á dè é pọ̀, wọ́n á ní kí ọmọ Ọlọ́run dá owó lé e. Ẹnì kan á ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ìyá kan lẹ́yìn á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Kí wọ́n tó wí kí wọ́n tó fọ̀, bàbá ìjọ kan á ti nàró, agbádá rẹ̀ á bo ejìká, á ní òun san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, ìlù á sì sọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n rẹ́ bàbá jẹ, torí gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé kì í ṣe iṣu ni bàbá rà. Ohun tí Pettavino ṣe kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ìkórè tirẹ̀ tóbi, àwọn tó ń dá owó sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú tiwọn wá.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àfiwé yìí kò bá dé. Iṣu ìkórè, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n á gún un níyán, ó parí. Aago kì í ṣe iṣu. Ẹni tó ra aago Only Watch lónìí lè gbé e padà síbi gbàǹjo lọ́dún márùn-ún sí i, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ aláàánú mọ́, kò sí ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú ọ̀rọ̀. Oníṣòwò ló kù. Èrè tó bá wà lórí rẹ̀, ẹni tó ń tà á ló ni ín, ilé iṣẹ́ gbàǹjo náà yóò sì yọ tiwọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àánú tí wọ́n ṣe lákọ̀ọ́kọ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé gbàǹjo gàdàgbà pé ti Only Watch ni aago yìí, pé kò ní èkejì, pé torí àwọn ọmọ aláìsàn ni wọ́n ṣe é. Ìtàn ọmọ náà ti di ara ọjà.

Kí ẹ lè mọ bí owó ṣe ń gun orí owó nídìí àtúntà aago, ẹ gbọ́ ti èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Henry Graves pè. Kì í ṣe ti àánú ní tirẹ̀. Aago àpò ni, Patek Philippe ló ṣe é fún olówó kan ní New York, ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1933. Ní 1999, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York, ó pa mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá 2014, wọ́n tún tà á ní Geneva, ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún. Òun ló wà lókè téńté títí tí aago irin ti 2019 fi wá yẹ̀ ẹ́ nípò. Aago irin mìíràn ti Patek, tí wọ́n ń pè ní 1518, pa mílíọ̀nù mọ́kànlá faranki ní 2016. Ní 2025, wọ́n tún gbé e padà wá sí Geneva, ó sì ju mílíọ̀nù mẹ́rìnlá lọ. Ẹni tó bá ń san mílíọ̀nù lórí aago, ó mọ ìtàn wọ̀nyí bí ẹni mọ owó.

Ǹjẹ́ ó wá túmọ̀ sí pé àánú wọn kì í ṣe àánú? Lójú tiwa, rárá. Ẹni tó san 31 mílíọ̀nù san án lóòótọ́, bó bá sì rí ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la, kò gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé iṣẹ́ aago náà kò kúkú ṣòfò. Iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ Patek Philippe nínú ìròyìn káàkiri ayé lọ́sẹ̀ náà, kò sí owó ìpolówó tó lè rà á. Èyí tó yẹ kéèyàn béèrè kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fún ni lówó, bí kò ṣe ibi tí owó náà wọlé sí.

Ìbéèrè yìí gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀ ní 2023. Wọ́n ti fẹ́ ṣe gbàǹjo ti ọdún náà ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n ti kó àwọn aago náà rìnrìn àjò láti ìlú kan sí èkejì kí àwọn olówó lè fojú rí wọn. Lójijì ni àwọn kan tó fẹ́ràn aago bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láti 2005, owó tí wọ́n ti kó jọ ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, ìṣirò rẹ̀ dà? Èló ló ti lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń wá oògùn? Èló ló ṣì wà ní báńkì? Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Audemars Piguet, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ aago tó lórúkọ jù lágbàáyé, yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ni wọ́n bá sún gbàǹjo síwájú.

Ẹ fojú inú wo ọdún méjìdínlógún kí èèyàn tó béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Níbi ìkórè tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tí akápò bá fi ọdún kan péré jókòó láìka owó fún ìjọ, ìpàdé máa gbóná. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀ o. Ohun tí AMM sọ ni pé ìdánwò oògùn lára èèyàn ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó tabua, owó tí wọ́n fi pamọ́ sì wà fún ìyẹn ni. Wọ́n gbé ìṣirò wọn jáde fún aráyé rí. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n ṣe gbàǹjo náà ní Geneva, 28.3 mílíọ̀nù faranki ni wọ́n sì rí. Aago irin tí Patek Philippe ṣe ló tún léwájú, 15.7 mílíọ̀nù ni wọ́n ra òun nìkan. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò bàjẹ́ tán nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kò tó ti 2021.

Ní ti oògùn tí wọ́n ń fi gbogbo owó yìí wá, ó yẹ ká ṣàlàyé ohun tó jẹ́ kó le. Nínú ara gbogbo wa ni ìlànà kan wà tó ń kọ́ iṣan bí yóò ṣe pèsè èròjà tó ń dì í mú. Ìlànà yìí gùn gan-an, òun ló gùn jù nínú irú rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ lára èèyàn. Ẹ ṣáà kà á sí ìwé tó ní ojú ewé 79. Lára ọmọ tó ní Duchenne, ojú ewé kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti já kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kù kò wá bára mu mọ́, iṣan kò rí nǹkan kà, kò sì lè pèsè èròjà náà. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti mọ ibi tí àṣìṣe yìí wà. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà wò ó ni pé kí wọ́n fi oògùn mú kí ara fo ojú ewé tó tẹ̀ lé èyí tó já, kí gbólóhùn lè tún so pọ̀. Ìwé náà kò ní pé, ṣùgbọ́n yóò ṣeé kà. Oògùn àkọ́kọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ ìjọba ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní àìsàn náà ló bá a mu.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gbé ìlànà kékeré tuntun wọ inú ara. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan, Elevidys lorúkọ rẹ̀, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2023. Iye tí wọ́n dá lé e fún ọmọ kan jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti igba ẹgbẹ̀rún dọ́là, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú báírò. Gbogbo owó aago irin tó mi gbogbo ayé tìtì ní 2019, tó lé díẹ̀ ní 31 mílíọ̀nù dọ́là, tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ra oògùn yìí fún àwọn ọmọ aláìsàn, ọmọ mẹ́sàn-án ló máa tó. Ti ẹnì kẹwàá kò ní pé. Oògùn náà kò tilẹ̀ tíì yanjú ọ̀rọ̀: ní 2025, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọn kò lè rìn mọ́ kú lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, ẹ̀dọ̀ wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì dín àwọn tó lè gbà á kù.

Torí ẹ̀ ni àwọn AMM kò ṣe ná owó wọn lórí oògùn rírà. Iṣẹ́ ìwádìí tó ń wá oògùn tuntun ni wọ́n ń fi í ṣe. Lára ohun tí owó aago bá wọn gbé ró ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, ní ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ SQY Therapeutics, tí wọ́n ń ṣe oògùn tó ń mú ara fo ojú ewé. Ìrètí wọn ni pé tiwọn yóò dé inú ọkàn àti iṣan tí wọ́n fi ń mí, ibi tí àìsàn náà ti ń pani. Ilé ìwòsàn kan nítòsí Paris ni wọ́n ti ń dán an wò lára àwọn tó ní Duchenne. Àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn débẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máà gbọ́ orúkọ Grandmaster Chime rí láyé wọn.

Luc Pettavino kò rí i kí ọmọ tirẹ̀ gba oògùn yìí. Ọdún 2016 ni Paul kú, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Bàbá rẹ̀ kò dá gbàǹjo dúró. Aago irin 31 mílíọ̀nù yẹn, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú ọmọ náà ni wọ́n tà á. Ìdánwò oògùn ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn ní 2023.